Àwọn Igi Tí Ara Wọn Mọ́ Jù

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Atúnṣe,

Mo kí ọ púpọ̀, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ wa, ìyá mi kékeré, ẹni tí mo mọ̀ pé ó ti fara tì ọ́ báyìí, tí ó ń sọ pé kí o ka lẹ́tà náà sókè kí òun náà gbọ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ọmọ náà ń rí oorun sùn, ṣé fífọn tí àyà rẹ̀ máa ń fọn bí fèrè ti dín kù? Kò sí ọjọ́ tí mo jí tí n kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú nínú àdúrà. Ara tiwa náà le níbí. Aṣọ fífọ̀ kò jẹ́ kí n ráyè ṣàìsàn. Orúnkún mi ọ̀tún nìkan ló ń ráhùn, mo sì ti sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń gbọ́.

Mo mọ ohun tí o ń retí kí n sọ. O ní kí n bá ọ gba ilé tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ọ́ sí, kí o lè máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, kí o sì máa yà wá wo ọmọ rẹ lọ́sàn-án. Mi ò gbà á. Jọ̀wọ́, má tíì bínú. Wá ibì kan jókòó sí, kí o kà á dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn, ibi tó sì ti bẹ̀rẹ̀ yóò yà ọ́ lẹ́nu. Ara igi ló ti bẹ̀rẹ̀.

O rántí yàrá òkè tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé mi. Obìnrin kan ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Onímọ̀ nípa ohun tó ń hù ni, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló sì rán an wá síbí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, mo rò pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Àgbàlagbà tó ti ń hewú ni, ṣùgbọ́n wàá rí i tí ó dúró níwájú igi láàárọ̀ kùtù bí ẹni tó tò sórí ìlà, tí ó gbé dígí kékeré kan sójú, tí ó wá ń sún mọ́ èèpo igi títí imú rẹ̀ yóò fi kàn án. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Ìyá Onídígí. Ó gbà, kò bínú. Lọ́jọ́ kan mo bá a níbi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ògiri mi, mo wá bi í bóyá ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni. Ó ní rárá, òun ń kí àwọn ará ilé.

Mo ní láti sọ fún ọ pé búrọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Alágbàfọ̀ ni mí, èmi àti àbàwọ́n kì í sùn nínú ilé kan náà. Ó sì pẹ́ tí àwọn àmì roboto kan ti ń bí mi nínú lára ògiri yẹn àti lára igi tó wà níwájú rẹ̀: òmíràn rí bí eérú, òmíràn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, wọ́n ń tàn kálẹ̀ bí làpálàpá orí ọmọ iléèwé. Làpálàpá igi náà ni mo ń pè wọ́n. Mo ti gbà pé àrùn ni, pé wọn yóò pa igi náà. Mo ti po bílíìsì tí mo fi ń bó aṣọ funfun mọ́ omi, mo fẹ́ fọ gbogbo rẹ̀ nù. Obìnrin náà wo búrọ́ọ̀ṣì, ó wo ojú mi, ó sì bẹ̀ mí pé kí n kọ́kọ́ fi dígí òun wo ohun tí mo fẹ́ pa.

Àbúrò mi, ìlú ni mo rí níbẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó jẹ́ àbàwọ́n lásán ní òkè àti àfonífojì. Ó ní àwọn ife wẹ́wẹ́ tí etí wọn dúró, bí ẹni pé ẹnìkan to ife tíì sílẹ̀ de àlejò. Etí rẹ̀ ká bí etí aṣọ tí télọ̀ rán ní ìṣẹ́po. Mo dá dígí padà fún un, mo tún gbà á, mo tún dá a padà, mo tún gbà á. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi kejì ti gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀, èmi kò sì mọ ìgbà tí mo gbé e kalẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ iléèwé. Bí mo bá ti sá aṣọ tán, mo ti gun àtẹ̀gùn dé yàrá rẹ̀ nìyẹn. Ó fi abẹ gé bíńtín lára làpálàpá igi náà, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó sì fi í sábẹ́ dígí ńlá tó wà lórí tábìlì. Ó ní kí n wò ó bí mo ṣe máa ń wo aṣọ tó ní abẹ́, èyí tí télọ̀ fi aṣọ mìíràn tẹ́ nínú. Lóòótọ́, aṣọ tó ní abẹ́ ni. Awọ tó ki ló wà lókè. Abẹ́ awọ yẹn ni àwọn rógódó aláwọ̀ ewé wà, wọ́n fún mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni òwú funfun wínníwínní kan, ó lọ́ mọ́ra bí òwú tí a kò tíì ran, afẹ́fẹ́ sì ráyè gba àárín rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni okùn wà, òun ló fi di igi mú. Mo bi í pé ṣé okùn yẹn ni gbòǹgbò rẹ̀, ṣé òun ló fi ń mu ẹ̀jẹ̀ igi. Ó ní kò ní gbòǹgbò rárá, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ igi ju ibi ìjókòó lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi, nítorí mo ti ka ẹ̀sùn tí kò dá sí i lọ́rùn láti ìgbà pípẹ́.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe ẹ̀dá kan ṣoṣo. Méjì ni wọ́n, wọ́n para pọ̀ ń gbé. Ìbátan olú ni ọ̀kan, òun ló ni òwú àti awọ, òun ló kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n kò mọ oúnjẹ ṣe. Èkejì, rógódó aláwọ̀ ewé yẹn, jẹ́ ìbátan ohun tó máa ń bo ojú omi tí kò ṣàn. Òun ló ń gba oòrùn, tí ó ń fi í se oúnjẹ fún àwọn méjèèjì. Mo bi í pé orúkọ ta wá ni wọ́n ń jẹ́. Ó ní orúkọ ẹni tó kọ́lé ni àwọn onímọ̀ fi ń pe gbogbo rẹ̀. Mo ní, ẹni tó ń dáná ńkọ́? Ó ní òun náà ní orúkọ tirẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń pè é kò pọ̀. Mo ní mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ dáadáa. A rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi bi wá láti ìsàlẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀, a kò sì lè sọ fún un. Ó wá ní nígbà tí àwọn onímọ̀ tún wo òmíràn nínú wọn fínnífínní, wọ́n rí ẹlòmíràn tó fara pamọ́ sínú awọ òkè, ayálégbé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èmi tí mo ní ayálégbé, kò yà mí lẹ́nu.

Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀ síra. Ó ní ojú lásán máa ń pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan lẹ̀ mọ́ igi bí ọ̀dà, o kò lè ṣí wọn láìṣí èèpo igi. Àwọn kan rí bí ewé, o lè ti èékánná bọ abẹ́ wọn. Àwọn kan fọ́n jáde bí igbó kékeré, tàbí kí wọ́n so rọ̀ bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi pé ìrísí kọ́ ni ìbátan. Méjì lè jọra bí ìbejì kí wọ́n má jẹ́ ará ilé kan náà, méjì sì lè yàtọ̀ síra pátápátá kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá. Mo ní kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀. Ìwọ ga, o pupa, èmi kúrú, mo dúdú, ọmú kan náà la sì mu. Ó ní inú àwọn ife wẹ́wẹ́ yẹn ni àwọn onímọ̀ máa ń wò, níbi tí irúgbìn rẹ̀ ti ń jáde, wọn a sì tún fi oògùn dán ara rẹ̀ wò. Ó ní kí n bu bílíìsì mi wá. Ó kán ẹyọ kan ṣoṣo sí ara èyí tó rí bí eérú. Lójú mi níbẹ̀ ni ibi tó kán an sí ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń fi bílíìsì sọ nǹkan di funfun, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i kí ó sọ nǹkan di pupa. Mo kán an sí gbogbo èyí tó wà lẹ́yìnkùlé títí ó fi ní kí n jọ̀wọ́, kí n ṣẹ́ díẹ̀ kù fún òun.

Ó ní àwòrán púpọ̀ lọ́wọ́. Ó fi ibi tí wọ́n ń gbé hàn mí, mo sì jókòó síbẹ̀ bí ọmọdé. Wọ́n wà lórí àpáta ní ilẹ̀ tí yìnyín kì í tán, níbi tí koríko gan-an kò ti lè hù. Wọ́n wà ní aṣálẹ̀ tí òjò ti gbàgbé, ìkùukùu òwúrọ̀ ni wọ́n ń mu. Létí òkun, wọ́n tò sára àpáta ní ìpele-ìpele: dúdú ló sún mọ́ omi, èyí tó pọ́n bí ìyeyè tẹ̀ lé e, eléérú ló wà lókè pátápátá. Wọ́n wà lára irin tó dógùn-ún, lára dígí fèrèsé àtijọ́, kódà lẹ́yìn kòkòrò tó ń rìn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fi ju ìbú èékánná ọmọ ìkókó lọ láàárín ọdún kan. Mo wá ní, bí wọ́n bá lè gbé gbogbo ibi wọ̀nyí, níbo ni wọn kò lè gbé?

Ó ní, “Ibi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti dára.” Ó ní nítorí wọn kò ní gbòǹgbò, gbogbo ara ni wọ́n fi ń jẹ, tí wọ́n fi ń mu, láti inú afẹ́fẹ́ àti òjò. Wọn kò ní ẹnu tí wọ́n lè pa dé, wọn kò ní ilẹ̀kùn tí wọ́n lè tì. Ohun tí atẹ́gùn bá gbé wá, inú wọn ló ń lọ. Àwọn tó rí bí irùngbọ̀n ló máa ń kọ́kọ́ kú, lẹ́yìn wọn àwọn tó rí bí ewé. Àwọn tó lẹ̀ bí ọ̀dà ló máa ń le jù. Mo gbọ́ ọ, mo sì fi í sọ́kàn bí a ṣe ń fi ohun tó dùn-ún gbọ́ sọ́kàn. Mi ò rò pé ó kàn mí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà rẹ dé. Mo wọ bàtà mi tó dára, mo lọ wo ilé náà. Àgbàlagbà obìnrin kan ló ni ín, ó mọ́, ó tún níwà. Ó mú mi káàkiri inú ilé. Fèrèsé pọ̀, omi ń yọ nínú ẹ̀rọ, yàrá kan sì wà tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀ tí mo ti fi ojú inú gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá mi kékeré sí. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé ẹ̀yìn, ó kí mi dáadáa, ó wú ikọ́ díẹ̀, ó ní ọjọ́ ogbó ni. Inú mi dùn. Bí mo ṣe jáde, mo wo àwọn igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àbúrò mi, ara wọn mọ́ tónítóní. Kò sí àmì kan lára wọn, bí ẹni pé ẹnìkan fi kànrìnkàn wẹ̀ wọ́n láàárọ̀ yẹn. Mo ní nínú ọkàn mi pé irú àdúgbò tí ó yẹ alágbàfọ̀ nìyí. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí ẹsẹ̀ mi tó dúró fúnra rẹ̀.

Mo sọ fún Ìyá Onídígí. Mo rò pé yóò figbe ta, kò ta. Ó ní kí n má ṣe sáré. Ó ní irú igi kan wà tó máa ń pa èèpo dà bí ejò ṣe ń pa awọ dà, nǹkan kì í dúró lára rẹ̀. Bóyá igi tibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Bóyá wọn kò tíì dàgbà. Bóyá ẹnìkan tó dà bí èmi ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n. Ó ní kí a lọ wò ó. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kejì, ohun tí o mọ̀ pé n kì í ṣe, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa.

Irú igi kan ṣoṣo la mú, èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú, èyí tó ti sanra, ibi tó bá àyà wa dọ́gba la sì ń wò. Lẹ́yìnkùlé mi, irùngbọ̀n wà, ó gùn, ó rọ̀. Nígbà tí a fi máa dé iléèwé, irùngbọ̀n ti tán, ewé ló kù. Ní ìkóríta ibi tí àwọn ọkọ̀ ti ń yí po, ewé náà ti dín, etí rẹ̀ ti jóná bí etí aṣọ tí a gbàgbé áyọ́ọ̀nù lé lórí. Lẹ́yìn èyí, ọ̀dà lásán. Lẹ́yìn ọ̀dà, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tí ọwọ́ lè nù kúrò. Nígbà tí a dé títì onílé yẹn, kò sí nǹkan kan. Igi kan náà ni o, wọ́n ti dàgbà bí tiwa, ẹnikẹ́ni kò sì fọ̀ wọ́n. Mo ní kí a padà sílé, ó kọ̀. Ó ní bí a kò bá rí ibi tí wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀, a kò tíì mọ nǹkan kan. A kọjá lọ. Lódìkejì òkè kékeré tó wà lẹ́yìn àdúgbò náà, ọ̀dà tún yọ, ewé tún tẹ̀ lé e. A gba ọ̀nà mìíràn wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ilẹ̀ tí igi rẹ̀ mọ́ yẹn rí bí ẹyin, ó gùn síbi tí atẹ́gùn máa ń fẹ́ sí. Òpó èéfín ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù ló dúró sínú ẹyin náà. Ilé-iṣẹ́ rẹ ni.

Mo rántí àwọn oníbàárà mi láti títì yẹn, àwọn tó máa ń bá mi jà pé mo ń fi oògùn jó aṣọ àwọn, pé bẹ́ẹ̀díṣíìtì àwọn ń ya lórí okùn tí àwọn sá a sí nílé. Mo rò pé wọ́n ń pa irọ́ mọ́ mi ni, n kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló ń jẹ aṣọ wọn. Mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ lójú ẹsẹ̀ pé kí o má wá. Ìyá Onídígí ló dá mi dúró. Ó ní igi sọ fún wa pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti bàjẹ́, kò sọ fún wa bóyá ó ṣì bàjẹ́ lónìí, nítorí ohun tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ náà ló ń padà wá. Ó ní ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni iná.

A lọ. Mo ti múra ìjà, mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu láti ilé. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kí a jókòó, ó gbọ́ gbogbo ohun tí a sọ láìdá sí i. Nígbà tí a parí, ó dìde, ó wo àwọn igi láti ojú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun ti máa ń rò pé ìjọba ló ń tọ́jú wọn. Ó wá sọ òótọ́ fún wa. Asẹ́ ńlá kan wà nínú òpó èéfín, òun ló yẹ kó máa gba ìdọ̀tí kí èéfín tó jáde. Ó ti bàjẹ́, ó ti pẹ́, àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ kò sì rí i ṣe. Ó ní, “A ti rí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ìdí tí a fi pè é nìyẹn. Ó máa tó dé.” Ó sì dárúkọ rẹ.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu ló dà nù. Mo sọ fún un pé àbúrò mi ni. Mo wá bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń dáná nìṣó nígbà tí asẹ́ ti bàjẹ́. Ó ní bí ìléru bá kú, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò jókòó sílé, àwọn náà ní ọmọ. Mo ní ọmọ tó yó tí kò lè mí ńkọ́? Ó ṣèlérí pé òun yóò sọ fún àwọn tó ga ju òun lọ pé kí wọ́n dín iná kù títí asẹ́ yóò fi ṣiṣẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá yóò ṣe é. Ohun tí mo rí ni pé ojú tì í, ìyẹn náà sì ní ohun tó lè bí.

Mo padà sọ́dọ̀ onílé láti sọ fún un pé a kò gba ilé mọ́. Mo sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gan-an. Ó ní, “Torí pé igi mi mọ́ lẹ ṣe kọ ilé mi?” Bí ó ti sọ ọ́ tán, èmi náà rí i pé ó jọ ọ̀rọ̀ wèrè. Ibẹ̀ la wà tí tọkọtaya kan dé láti wo ilé náà, ìyàwó gbé ọmọ ìkókó sọ́wọ́. N kò lè pa á mọ́ra. Mo sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ara wọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Onílé pa ilẹ̀kùn dé mọ́ mi lójú. N kò dá a lẹ́bi. Mo ba ọjà ọlọ́jà jẹ́, mo sì mọ̀ pé bí ó bá di ọ̀la, n ó tún bà á jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí, Atúnṣe. Ìpinnu wà lọ́wọ́ ìwọ àti ìyàwó rẹ. Bí ọkàn yín bá ní kí ẹ má wá, ẹ má wá, kò sí ẹni tí yóò bi yín. Bí o bá sì fẹ́ gba iṣẹ́ náà, sọ fún wọn kí o tó fọwọ́ sí ìwé pé asẹ́ yẹn ni wàá kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n má ṣe gbé iṣẹ́ mìíràn síwájú rẹ. Ẹ wá gbé ọ̀dọ̀ mi. Yàrá kan ṣófo lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá Onídígí, ó kọjú sí igi onírùngbọ̀n. Wàá máa wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò máa mí. N kò sọ pé igi yóò wò ó sàn o. Kí ó máa lo oògùn tí dókítà fún un, kí ó má ṣe fò ó.

Ìyá Onídígí ti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn, ó so ẹ̀ka igi onírùngbọ̀n kan mọ́ ògiri ilé-iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ mọ bí yóò ti ṣe kí wọ́n tó tún asẹ́ ṣe àti lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà fẹ́ mọ̀. Ó ti di pé bí mo bá ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, ara igi ni mo ń wò, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu kẹ̀kẹ́. Jọ̀wọ́, ní kí ìyá mi kékeré lọ wo igi iwájú ilé yín, kí ó kọ̀wé sọ ohun tó rí lára rẹ̀ fún mi: ṣé ọ̀dà ni, ṣé ewé ni, ṣé irùngbọ̀n ni, àwọ̀ wo ló ní. Kí ó má bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ fún mi.

Kí Ẹlẹ́dàá tú àyà ọmọ wa sílẹ̀. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kí ìyàwó rẹ má fi ojú sunkún ọmọ. Ibi tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kí ó gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì jẹ́ ti yín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, ẹni tó fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́,
Alágbàfọ̀.

Àfikún: Òjò kò jẹ́ kí n gbé lẹ́tà yìí lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí náà mo ṣí i padà. Onílé yẹn wá síbí láàárọ̀. Kò jókòó. Ó ní Ìyá Onídígí ni òun ń wá. A bá a lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, síbi igi tó wà ní ojú fèrèsé tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ìyá Onídígí yẹ̀ ẹ́ wò láti ìdí títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ga mọ, ó yí i po, ó sì gbé dígí fún obìnrin náà kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní, “Kò sí nǹkan kan níbí.” Ìyá Onídígí ní, “Kò sí, mà.” Onílé dá dígí padà. Ó ní, “Èmi ni mo gbé àga rẹ̀ síbẹ̀. Mo ní kí ó máa gba atẹ́gùn.”

Yàrá òkè tí mo ṣèlérí fún yín, bàbá náà, ọkọ onílé, ló wà níbẹ̀ báyìí, òun àti àga rẹ̀. Ẹ máa bọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Pálọ̀ fẹ̀, ìyá mi kékeré yóò sì sùn lọ́dọ̀ mi.